VMware, VirtualBox tàbí KVM: èwo ni àtúnṣe ààbò rẹ̀ máa ń dé ọwọ́ yín?

Sọ́fúwíà tó ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé (VM) sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gidi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ RAM àti core, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó ni pé: lọ́jọ́ tí àlébù ààbò bá yọjú, ta ló máa fún mi ní àtúnṣe, ṣé wọn ò sì ní gbowó lọ́wọ́ mi kí n tó rí i gbà?

Èyí tó burú jù nínú àwọn àlébù yìí ni èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà nínú VM bọ́ sórí kọ̀ǹpútà tó gbé e, bí ayálégbé tó dá ògiri lu wọ yàrá onílé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí.

VirtualBox. Ní oṣù kọkànlá 2018, Sergey Zelenyuk tú àṣírí irú àlébù bẹ́ẹ̀ síta, nínú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì E1000, láì kọ́kọ́ sọ fún Oracle tó ni ín. VirtualBox dára fún ẹ̀kọ́ àti ìdánwò. Ẹ kàn ṣọ́ra fún Extension Pack, àfikún tí wọ́n ń fi sí i: ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò kan iléeṣẹ́.

VMware. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ní oṣù kejì 2023, kòkòrò sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ ESXiArgs ti fáìlì àwọn tó ń lo ESXi, sọ́fúwíà sáfà VMware, pa káàkiri ayé, àwọn ọ̀daràn tó rán an sì ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ihò tí wọ́n gbà wọlé ti wà nílẹ̀ láti 2021. Ta ni kò rí i fi sí, kí ló sì dí i lọ́wọ́? Mo ti ra sọ́fúwíà sáfà kan rí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àtúnṣe mọ́ mi nígbà tí àdéhùn ìrànlọ́wọ́ parí. Mo mọ ihò tó wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà wà lórí sáfà, n kò sì rí nǹkan fi dí i àfi kí n san owó ọdún mìíràn.

Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Broadcom ra VMware ní 2023, wọn ò ta láísẹ́ǹsì àrà-má-san-mọ́ mọ́. Ẹni tó ní ti àtijọ́ láìsí àdéhùn, àtúnṣe àlébù zero-day (èyí tí ọ̀daràn ti ń lò kí àtúnṣe tó jáde) tí máàkì ewu rẹ̀ tó 9.0 nínú 10 ni wọ́n ṣèlérí fún un. Ní oṣù kẹta 2025, àlébù VMware mẹ́ta yọjú pọ̀ tí àwọn ọ̀daràn ti ń lò: 9.3, 8.2 àti 7.1. Ká ní méjì tó kẹ́yìn dá wá ńkọ́?

KVM. Àlébù VENOM ti 2015, nínú kóòdù flọ́pì QEMU, sọ́fúwíà tí KVM ń bá ṣiṣẹ́, kàn án; kò kan VMware. Àmọ́ àtúnṣe KVM ń bá ti Linux yín wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ apt tàbí dnf, àwọn àṣẹ tí Linux fi ń gba àtúnṣe. Òun ni mò ń lò báyìí, lórí Proxmox, ètò tó ń darí KVM.

Bí iléeṣẹ́ yín bá ní owó àdéhùn lọ́dọọdún, tí àwọn òṣìṣẹ́ yín sì mọ vCenter, ètò tí wọ́n fi ń darí àwọn sáfà VMware, dunjú, VMware kò burú. Kí ẹ ṣáà gbà á sílẹ̀ ní kíkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: bí àdéhùn bá parí, ṣé àtúnṣe àlébù tí kò tó 9.0 ṣì máa dé ọ̀dọ̀ yín?