Ìwé Èrò Ọkọ̀ àti Ìwé Ìjọ: Èwo Ni Kí A Kọ́kọ́ Ṣí?

Ẹni tó ń wá orírun ìdílé àgbẹ̀ tó ti Jámánì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lè gba ọ̀nà méjì: ìwé orúkọ èrò ọkọ̀ ojú omi, tàbí ìwé ìjọ tí wọ́n ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Ti ọkọ̀ wúlò bí àwọn babańlá náà bá gba èbúté Hamburg, nítorí pé ìwé ibẹ̀, láti 1850 dé 1934, sábà máa ń sọ ibi tí èrò ti wá. Bí ó bá jẹ́ Bremen ni wọ́n gbà, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tibẹ̀ ti ṣègbé.

Ìwé ìjọ ni èmi fara mọ́ jù. Ó lè mú wa padà dé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ìjọba káàkiri Jámánì kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1876. Òun náà ló ń tú àdììtú Westphalia, agbègbè kan ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì, níbi tí ọkùnrin tó bá fẹ́ ajogún oko ti lè gba orúkọ oko náà, tí yóò sì fi ti baba rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ mọ abúlé gan-an, ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà sì sábà máa ń kọ “Prussia”, orúkọ ìjọba ńlá kan ní Jámánì, lásán.