Fífi àbá wọ́kṣọ́ọ̀pù àti tùtóríà ránṣẹ́ sí àwọn àpérò ACL: èrò tèmi rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí èdè àti kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ n sọ èrò mi lórí ètò tí wọ́n fi ń gba àbá wọ́kṣọ́ọ̀pù àti tùtóríà fún àwọn àpérò ACL (ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí èdè; wọ́kṣọ́ọ̀pù ni ìpàdé kékeré tó máa ń bá àpérò ńlá rìn, tùtóríà sì ni kíláàsì kúkúrú níbẹ̀), torí mo ti bá àwọn èèyàn kọ àbá rí, mo sì máa ń bá àwọn ẹlòmíì ka tiwọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un, màá sọ ibi tí ìkan tó kù yẹn wọlẹ̀ sí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn máa kọ̀wé. ACL, EACL, NAACL, EMNLP (orúkọ àwọn àpérò náà nìyẹn), àwọn tó bá fẹ́ wáyé lọ́dún yẹn nínú wọn á pawọ́ pọ̀ ṣe ìpè kan ṣoṣo, wàá kọ àpérò tó wù ẹ́ jù, wàá kọ èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn alága ọ̀dọ̀ wọn á wá jókòó pín in láàárín ara wọn. Bó ò bá ríbi tó o kọ́kọ́ mú, wọ́n ṣì lè fún ẹ ní ibòmíì, o ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ kọ òmíràn. Fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́ tàbí tó ń ka PhD, ìrọ̀rùn ńlá nìyẹn o.

Àbá wọ́kṣọ́ọ̀pù ò gùn, ojú ewé díẹ̀ ni: kí lẹ fẹ́ ṣe, àwọn wo ló máa sọ̀rọ̀, àwọn wo ló ń ṣètò ẹ̀, àwọn wo ló máa bá yín yẹ ìwé wò. Ìbéèrè tó le níbẹ̀ ni iye èèyàn tẹ́ ẹ rò pé ó máa wá. Ẹ má fojú fò ó, ẹ má sì kàn ju nọ́ńbà lu bébà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá ẹ lérò lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe é rí, ẹ kọ iye tó wá nígbà yẹn, bó bá jẹ́ àkọ́kọ́, ẹ tọ́ka sí àwùjọ tó ti wà nílẹ̀. Ẹ wo AfricaNLP, wọ́kṣọ́ọ̀pù lórí àwọn èdè Áfíríkà. ICLR 2020 (àpérò kan lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ) ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é mọ́, Addis Ababa ló yẹ kó ti wáyé kí kòrónà tó gbé gbogbo ẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣe é mọ́ EACL ní 2021, wọ́n dé Kigali ní 2023, nígbà tó fi máa di 2025 wọ́n ti wà pẹ̀lú ACL ní Vienna. Àwọn Masakhane, ìyẹn àwùjọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà, ti ń kóra jọ láti 2019, èrò ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó máa wá yàrá. WMT náà, tó wà fún ìtumọ̀ èdè pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, wọ́kṣọ́ọ̀pù lásán ló jẹ́ ní New York ní 2006, ní 2016 ó ti di àpérò fúnra ẹ̀.

Àmọ́ tùtóríà gan-an ló ń dùn mí, torí mi ò rí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà níbẹ̀ tó. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún yín, ó lè jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ lórí nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Wọ́n á bi yín pé ta lẹ fẹ́ kọ́, kí ló yẹ kó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló yẹ kó kà, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí àgbà àti ọ̀dọ́ jọ wà nínú àwọn olùkọ́, láti ibi tó yàtọ̀ síra.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àbá ti ń kú ni ìlànà wákàtí mẹ́ta yẹn, ìyẹn bẹ́ ẹ ṣe máa pín àkókò náà. Ká ní ẹ fẹ́ kọ́ èèyàn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka èdè tó ní àmì ohùn. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ ọ́ pé “àmì ohùn, wákàtí kan”, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ kọ ọ́ pé ní ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, ẹ máa gbé ọ́ méjì sójú sláìdì, ìkan tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ọ kí wọ́n tó fi àmì òkè lé e, ìkejì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ó kí wọ́n tó fi ti ìsàlẹ̀ sí i. Lójú èèyàn ìkan náà ni wọ́n, kọ̀ǹpútà á ní wọn ò jọra rárá, torí Unicode (àkójọ àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀) ò ní ọ́ tó dá dúró, àfi kó so nǹkan pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn tó wá fi ọwọ́ ara wọn ṣe normalization (sísọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ìkan ṣoṣo), kí wọ́n rí i bí ọ̀rọ̀ kan náà tó ti pín sí méjì nínú dátà wọn ṣe máa padà di ìkan. Ẹni tó bá ka irú ìlànà yẹn ti rí kíláàsì yẹn lójú ara ẹ̀.

Ìràwọ̀ tó kù wá ńkọ́? Owó àti físà ni. Àbá ti máa ń wọlé láti ọdún tó ṣáájú, ìyẹn dáa torí èèyàn á ríbi wá owó, ṣùgbọ́n lẹ́tà pé wọ́n gba àbá yín kì í ṣe físà, ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè kọ àbá tó dáa jù kó wá jẹ́ pé inú fóònù ló ti máa kọ́ kíláàsì ẹ̀. Èèyàn lè sọ̀rọ̀ látorí ayélujára lóòótọ́, àmọ́ ìsinmi ìdajì wákàtí yẹn tí ẹnì kan á wá bá ẹ pé ẹ jọ lè ṣiṣẹ́, kò sí lórí Zoom. Inú mi dùn pé EACL 2026 lọ sí Rabat, kí wọ́n máa ṣe irú ẹ̀ sí i.

Nǹkan mìíì tí mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé: àwọn ìwé wọ́kṣọ́ọ̀pù àti àkópọ̀ tùtóríà máa ń wà nínú ACL Anthology, ibi ìkówèésí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin tí ò lówó àpérò á rí i kà. Ẹ ka ti àwọn ọdún tó ti kọjá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tiyín, torí wọn ò fẹ́ àtúnsọ. Kí àwọn tó mọ gírámà Yorùbá dáadáa àti àwọn tó ń kọ kóòdù jọ jókòó kọ ọ́, kì í ṣe kí àwọn oníkóòdù máa dá a ṣe. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá rárá, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló rò pé òun á lè ṣe lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta yẹn. Bí ò bá rí i sọ, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.