Ṣéènì Mẹ́ta fún Ẹ̀bi Tí Kì í Ṣe Ti Ṣéènì: Àgbéyẹ̀wò Ilé-Iṣẹ́ Alájórin Kan ní Òṣogbo

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ṣéènì kẹta tí mo rà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bọ́ lára ọkọ̀ kékeré wa, ó sì nà mí lójúgun bí ẹgba. Kí n tó fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò ni mo ti pinnu pé n ó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ni a kan ọkọ̀ náà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀: páìpù ni ara rẹ̀, táyà bárò ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ni ó ń gbé e. Ẹni tó bá ti kan irú rẹ̀ rí mọ ìyókù. Ìṣòro wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá ti tẹ iná mọ́ ọn láti gbéra, ṣéènì á bọ́.

Mo wọ́ ọ lọ sí ilé-iṣẹ́ alájórin kan lọ́nà Ìkìrun. Ọ̀gá ibẹ̀ kò tan ẹ́ńjìnnì, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó fi ìka kan gbé ṣéènì sókè, ó ní, “Bàbá, ṣéènì yín ti fẹ̀,” ó sì gba ₦8,500 lọ́wọ́ mi fún òmíràn. Nígbà tí mo padà lọ, ó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, kò tilẹ̀ dìde. Ṣíbí ni ó fi nà sí ọkọ̀ náà, tí ó ní àwọn tó ń ta ṣéènì ló ń kó ayédèrú wọ ìlú. Mo tún san ₦8,500. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba iye kan náà, ó wá ní kí n jẹ́ kí òun yọ gọ́fánọ̀ ẹ́ńjìnnì náà dànù kí ọkọ̀ lè máa fò. Èyí gan-an ni ó bí mi nínú jù. Gọ́fánọ̀ ni ó ń di ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ mú sí nǹkan bí ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá yọ ọ́, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì lè ṣẹ́ kí ó sì lu ara ẹ́ńjìnnì jáde, ọmọ mi ni yóò sì jókòó níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, ìjà ni mo bá lọ ní Sátidé. Ọ̀gá ti lọ sí òde ìnáwó, ọmọ iṣẹ́ kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ ni mo bá. Ó jẹ́ kí n bínú tán, lẹ́yìn náà ni ó dọ̀bálẹ̀, tí ó sì bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: “Ẹ má bínú, sà, ṣé ìgbà tí ẹ bá ń gbéra ni ó máa ń bọ́, àbí ìgbà tí ẹ bá ti ń sáré?” Ó fún mi ní ẹnu okùn kan dì mú. Ó na okùn náà ṣánṣán láti ojú eyín ẹ̀yìn, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé, dé ojú eyín iwájú tó wà lára ẹ́ńjìnnì, a sì rí i pé tiwájú fi nǹkan bí ìbú ìka ọwọ́ kékeré yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní irin pẹlẹbẹ tí a gbé ẹ́ńjìnnì lé ti fẹ́lẹ́ jù, iná ìjórin sì ti ká a kò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fà, irin náà á tẹ̀ sẹ́yìn, ṣéènì á dẹ̀, á sì bọ́. Mo dákẹ́. Èmi fúnra mi ni mo jó irin pẹlẹbẹ yẹn.

Ó gé e kúrò, ó sì fi èyí tó nípọn sí i. Kò jó o lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń jó díẹ̀ ní igun kan, á fò lọ sí igun kejì, á dúró kí ó tutù. Ó gbẹ́ ojú bóòtù gùn, kí a lè máa fa ẹ́ńjìnnì síwájú bí ṣéènì bá dẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó ka eyín, 14 níwájú, 42 lẹ́yìn, ó ní ìyípo mẹ́ta ti iwájú sí ẹyọ kan ti ẹ̀yìn kò tó fún ìgbéra, ìdí nìyẹn tí kílọ́ọ̀ṣì wa fi ń rùn bí rọ́bà tó jóná. Ó fi ọ̀pá eléyín kan sí àárín kí ó lè di mẹ́fà sí ẹyọ kan. Èmi tí mo wọn kìlógíráàmù 86 ni mo gùn ún gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣéènì kò sì mì.

Ojú ìjórin náà kò dára o; wọn kò gbọ́n ìdàrọ́ rẹ̀ dànù, kò sì sí ìbòjú fún oníbàárà tó bá dúró tì wọ́n. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó gba ₦15,000, ó ní, “Ṣé ẹ rí i, mo sọ fún yín pé a ó yanjú rẹ̀.” Kò sọ ohunkóhun nípa ₦25,500 owó ṣéènì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí mo bọ́ sílẹ̀ wà nílé mi tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ó ku bíréékì, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé e lọ. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ náà ọjọ́ tí ọ̀gá kì í sí nílé.