Ṣúmékà ni mo kọ́kọ́ ń bi: oṣù méjìdínlógún pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti ohun ààbò tuntun ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wa

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ní Sángo, n'Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni à ń ṣe, èmi àti ọmọṣẹ́ mẹ́rin: géètì, irin ojú fèrèsé, àga ilé ìwé, ẹsẹ̀ táǹkì omi. Ní ìparí ọdún 2023, a kó àwọn ófárọ́ọ̀lù tó ti ya àti bàtà tó ti là jọ sẹ́yìn ilé, a sì ti iná bọ̀ wọ́n. Aṣọ náà kò jó bí aṣọ. Ó yọ́, ó ń kán tó-tó-tó bí ọ̀rá, èéfín dúdú sì bo gbogbo àdúgbò. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní òdìkejì ọ̀nà gbá ọmọ-ọmọ wọn mú, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?" Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Aṣọ tí mo wọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kó lè gbà á lọ́wọ́ iná, òun ló ń yọ́ báyìí?

Mo tilẹ̀ ti rí àmì rẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀ta iná láti ara ẹ̀rọ fáílíìnì tí a fi ń ha irin bà lé apá ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù. Ká ní òwú ni aṣọ rẹ̀, ihò kékeré ni ìbá lu, a ó sì gbọ̀n ọ́n dànù. Aṣọ náà yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí a bọ́ ọ, awọ ara bá a lọ. Àpá náà wà níbẹ̀ títí dòní, èmi ni mo sì ra aṣọ ọ̀hún fún un, torí pé kò wọ́n.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni mo ti ń pààrọ̀ ohun tí a ń wọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí owó ṣe ń wọlé. Ohun méjì ni mo ń wá: kó dáàbò bo ẹni tó wọ̀ ọ́, kó má sì di ẹrù fún ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ àdúgbò nígbà tó bá gbó. Àwọn ọlọ́jà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àyíká ti ń wọ ènìyàn lọ́kàn, wọ́n á ya ewé tútù sára páálí, ó tán. Èmi ò wo ewé mọ́. Ìbéèrè kan ni mo ń béèrè: bí èyí bá bàjẹ́, ta ló lè tún un ṣe fún mi láàárín Sángo sí Mọ́kọ́lá?

Aṣọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí Gbági tuntun, gbogbo ẹni tí mo bi ló sì ń búra pé òwú pọ́ńbélé ni kàkí òun. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa fọ́nrán bíi mélòó kan yọ fún mi létí aṣọ, mo bọ́ sí gbangba, mo ṣáná sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ìdánwò yìí, kò ná ni ní kọ́bọ̀. Fọ́nrán òwú a máa jó bíi bébà, òórùn bébà ni yóò máa rùn, eérú rẹ̀ á sì kúnná láàárín ìka. Pọliẹ́sítà, aṣọ tí wọ́n fi ike ṣe, á súnkì kúrò níbi iná, á yọ́, á rú èéfín dúdú, ohun tó kù á sì di kókó líle bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí eérú, ẹ ó sì tún rí kókó. Nínú ẹni mẹ́rin tó búra fún mi, ti ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ òwú lóòótọ́. Kàkí rẹ̀ nípọn, ó wúwo lọ́wọ́. Mo ra èyí tó tó ófárọ́ọ̀lù mẹ́wàá, méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Ìyá àgbà kan tó ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ló bá wa rán an. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi àpò tí kò ní ìdérí sáyà, iná á máa kó sínú rẹ̀." Ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kò ní ìṣẹ́po, ìdí kan náà ni. Wọ́n fi kàkí ìlọ́po méjì sí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fi àlékún aṣọ sínú ojú ìrán kí á lè tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ń tóbi sí i. Ohun kan ni n kò rántí sọ: òwú ìránṣọ. Òwú pọliẹ́sítà ni wọ́n fi rán méjì àkọ́kọ́, kò sì tó oṣù kan tí ojú ìrán fi ń já níbikíbi tí iná bá ta sí, bẹ́ẹ̀ kàkí fúnra rẹ̀ wà digbí. A tú u, wọ́n fi òwú gidi tún un rán. Tí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, ₦28,000 ni ọ̀kan dé sí. Ti ọjà tí a ń rà tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦14,000, kì í sì í lò ju oṣù márùn-ún lọ. Ti kàkí ti lo oṣù méjìdínlógún. Ó ti ṣá, àbùlẹ̀ ti wà lápá rẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára kàkí yìí mọ. Òwú kì í yọ́, ṣùgbọ́n ó lè gbiná, pàápàá bí gíríìsì tàbí epo bá ti mu ún. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìfọ̀ ọ́. Kò sì ní ìwé ẹ̀rí EN ISO 11611, òṣùwọ̀n tó wà fún aṣọ àwọn ajórin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé iṣẹ́ epo tàbí gáàsì, kó ra èyí tó ní ìwé ẹ̀rí. Òwú pàápàá kò mọ́ tónítóní, nítorí omi púpọ̀ àti oògùn apakòkòrò ni wọ́n sábà ń lò lóko rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní Manchester fi aṣọ iṣẹ́ kan tó ní àmì GOTS hàn mí lórí fóònù. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé, ó kéré tán, ìdá 70 nínú 100 fọ́nrán rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn láìlo oògùn olóró àti ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. OEKO-TEX Standard 100 tí ẹ máa ń rí lára aṣọ mìíràn yàtọ̀ sí i: kẹ́míkà tó lè pa ènìyàn lára ni wọ́n fi ń yẹ aṣọ wò, kò sọ ohunkóhun nípa bí wọ́n ṣe gbin òwú náà. N kò rí GOTS rà ní Gbági.

Ẹnì kan tún fi fẹ́sìtì aláwọ̀ ọsàn lọ̀ mí, ó ní ike omi tí wọ́n tún yọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó dára ni fún ẹni tó ń darí ọkọ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n ike tí wọ́n tún yọ́, ike náà ni. N kò lè tìtorí pé ohun kan gba ilẹ̀ là kí n jẹ́ kó jó ọmọ ènìyàn.

Ká wá dé orí bàtà, torí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Èrò mi ni pé kò sí ohun tó ṣe ayé lóore ju kí ènìyàn tún àlòkù lò. Mo lọ sí Katangua l'Ékòó, mo ra bàtà òkìríkà márùn-ún, awọ gidi, irin níwájú, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í rún bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mẹ́ta ti lọ. Mo kó wọn lọ bá ṣúmékà wa, bàbá Àwúsá kan tó ti ń jókòó lábẹ́ igi kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ìka wọn wọlé. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, bàtà yìí ti kú kí ẹ tó rà á."

Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Polyurethane, oríṣi ike kan, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ fúyẹ́fúyẹ́ òde òní, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ ọ́. Bàtà tó ti jókòó nínú ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún púpọ̀ lè dára lójú, kó sì fọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ fi rìn. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa á tún mú un yá. Nítorí náà, ẹ máa wo oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe bàtà kí ẹ tó sanwó. Bàtà tó bá EN ISO 20345, òṣùwọ̀n tó wà fún bàtà ààbò, mu gbọ́dọ̀ ní i lára, pẹ̀lú àmì ìpele ààbò bíi S1P tàbí S3. Òṣùwọ̀n yẹn náà ló ní kí ibi ìka ẹsẹ̀ lè gba ìkọlù tí agbára rẹ̀ tó 200 júùlù (júùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára). Ti òkìríkà, ẹ ò lè mọ̀ bóyá irin wúwo ti já lù ú rí lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbọ́n. Mo bá ọlọ́jà kan sọ ọ́ ní Ògùnpa, mo fi owó dúró lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé bàtà kan ṣoṣo lọ fún bàbá ṣúmékà kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí etí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbọ́ òórùn awọ rẹ̀. Àkọ́kọ́ tí mo gbé lọ, wọ́n dá a padà: wọ́n da àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ọn ni, bó bá jẹ, ó parí. Ìkejì, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí, wọ́n rán an. Mo lè tú u, mo lè rán òmíràn sí i." ₦52,000 ni mo san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dùn mí nígbà náà. Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì ráhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí awọ tó rọ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan, àtẹ́lẹsẹ̀ ti jẹ. Bàbá pààrọ̀ rẹ̀ ní ₦9,000, òkè bàtà náà kò tíì ní ìlà kan. Bàtà olówó pọ́ọ́kú tí a ń jù nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tẹ́lẹ̀, kò sí mọ́.

Ìbòmú ńkọ́? Àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa pé kí á mu mílíìkì bí a bá jó páìpù gàfánáìsì tán. Mo mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibà òru yẹn ò sì yé mú mi: òtútù, ara ríro, ẹnu tó ń dà bí irin. Èéfín síǹkì tó wà lára páìpù ló ń fà á. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ, wọn ò lè pàdé. Ní 2017, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka èéfín ìjórin mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ojú àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wá sí mi lọ́kàn.

Ìbòmú tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù ni a kọ́kọ́ ń lò. Ẹni márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, ọgbọ̀n ìbòmú lọ́sẹ̀ kan. Mo wá ra ìbòmú àlòtúnlò kan, 3M 7502, onísílíkónì, tó ń gba fílítà aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 2091. Fílítà P100 ni, ìyẹn ni pé, ó kéré tán, ó ń dá 99.97 nínú 100 eruku àti èéfín wóóró dúró. Ṣùgbọ́n ayédèrú ni mo kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan, inú ìbòmú náà dúdú, imú mi náà dúdú, ọlọ́jà tó tà á fún mi sì kọ̀ láti dá owó padà. Mo wá lọ sọ́dọ̀ aṣojú tó ní àṣẹ l'Ékòó, mo san ₦40,000 lórí ọ̀kan. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń yọ fílítà kúrò, a ó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú rẹ̀, a ó sá a síbòji. Okùn rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, rọ́bà tí èémí ń gbà jáde náà ṣeé pààrọ̀. Fílítà fúnra rẹ̀ ni a kì í fọ̀. Bí mímí bá ti ń le, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dá irùngbọ̀n sí kò ní í rí àǹfààní rẹ̀, torí kò ní í lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ọmọṣẹ́ mi àgbà sì fá tirẹ̀ nítorí èyí. A tún gbé tábìlì ìjórin bọ́ sí ìta gbangba, nítorí ìbòmú nìkan kò tó. Láti ìgbà náà, ibà òru kò mú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ti ìbọ̀wọ́ kò gùn. Mo dán awọ Kánò tí wọ́n fi èso bàgàrúwà ṣe wò, torí pé kò ní kírómíọ̀mù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ, nínú. Ó dára púpọ̀ fún gbígbé irin. Fún jíjó irin, ooru mú kó súnkì, ó gan, mo sì padà sí awọ kírómíọ̀mù. Ohun tó yí padà ni pé a kì í dáná sun ún mọ́, torí iná lè sọ kírómíọ̀mù inú rẹ̀ di oríṣi tó jẹ́ májèlé. Èyí tó bá gbó, bàbá ṣúmékà ń gé awọ tó ṣì lágbára lára rẹ̀ fi lẹ bàtà. Ìbojú onígíláàsì tó ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, mo ra èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí i.

Fílítà tó ti kún ló ṣì ń dùn mí. N kò rí ẹni tó ń gbà á padà. A ń wé e sínú ọ̀rá, àwọn akólẹ̀ ń gbé e lọ, mo sì mọ̀ pé orí ààtàn bíi ti Awótán ló ń já sí. Ófárọ́ọ̀lù tó bá ya kọjá àtúnṣe, a ń gé e ṣe àbùlẹ̀ àti àkísà ìnu-irin. Ìyá ẹlẹ́kọ kò tíì rí èéfín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa láti ìgbà náà.

Ọmọṣẹ́ mi àgbà yóò gba fúrídọ̀ọ̀mù ní oṣù Kejìlá. Mo ti sọ fún un pé ófárọ́ọ̀lù rẹ̀ méjèèjì, bàtà àti ìbòmú rẹ̀ á bá a lọ. Bàtà náà wà lọ́dọ̀ bàbá ṣúmékà báyìí, wọ́n ń rán àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí i.