Ẹ ṣọ́ra: "náìnì" tí wọ́n ń tà fún yín lè má jẹ́ náìnì

Ẹ̀yin ará wa ní Houston àti agbègbè rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, oníṣòwò kan wà tó máa ń pàtẹ ní ọjà ìbọn ìparí ọ̀sẹ̀. Ó mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà ń wá, ó sì ti múra dè wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó ń ta ni mo fẹ́ tú síta, torí kì í ṣe òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní náìnì, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tó ń jẹ ọta 9mm, làwọn fẹ́, torí ohun tí gbogbo èèyàn sọ fún wọn nìyẹn. Ọkùnrin náà na ìbọn kékeré kan sí wọn, irin rẹ̀ ń dán, ó sì bá ọwọ́ wọn mu. Ó ní náìnì nìyí, "ti obìnrin" gan-an ni. Ó ta páálí ọta náìnì mélòó kan mọ́ ọn. Ìwé pé pérépéré: wọ́n kọ fọ́ọ̀mù 4473 tí ìjọba ní kí ẹni tó ń ra ìbọn kọ, FBI yẹ orúkọ wọn wò, ó gbà. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ dán an wò ní pápá ìyìnbọn ni àṣírí ti tú. Ọta ò wọ mágásìnnì, ibi tí wọ́n ń kó ọta sí nínú ìbọn. Wọ́n tì í títí, ó yọrí síta. Ọkùnrin tó ń bójú tó pápá ló gba ìbọn náà, tó yí i sí ìmọ́lẹ̀, tó sì ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ fún wọn: "Cal. 9 Corto".

Ìbọn Ítálì ni, Beretta 1934, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun wọn lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìbọn náà ò lẹ́bi kankan, àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ọta tó ń jẹ kì í ṣe náìnì tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Òun ni Amẹ́ríkà ń pè ní .380 ACP. Àwọn ará Jámánì a máa kọ ọ́ ní "9mm Kurz", ẹ ó sì rí "9mm Short" lára àwọn mìíràn. Nǹkan kan náà ni gbogbo wọn.

Kálíbà ni fífẹ̀ ihò ọ̀pá ìbọn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá fífẹ̀ ọta fúnra rẹ̀ dọ́gba. Fífẹ̀ nìkan kò tó láti mọ ọta. Gígùn ìkarahun tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni oníṣòwò yìí sá pamọ́ sí. Náìnì tí gbogbo ayé ń sọ ni 9×19, tí wọ́n ń pè ní 9mm Luger tàbí Parabellum, èyí tí Georg Luger ṣe ní Jámánì ní 1902. Ìkarahun rẹ̀ gùn tó mílímítà 19. Ti .380 jẹ́ 17, ẹ̀tù inú rẹ̀ kéré, agbára rẹ̀ sì kéré. Láàárín àwọn méjèèjì ni 9×18 Makarov ti àwọn ará Rọ́ṣíà wà, tí ọta rẹ̀ tilẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju mílímítà 9 lọ. Ẹ kàn lọ pe "Ìyá Ìbejì!" ní Ìgbóọrà, kẹ́ ẹ wá ka iye ẹni tó máa dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kéèyàn dúró níwájú tábìlì oníṣòwò kó ní "náìnì" lásán.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e padà lọ, ẹ gbọ́ ohun tí oníṣòwò náà wí: ìbọn àlòkù ni, bó ṣe wà ni wọ́n rà á, wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé. Ó wá ní torí àánú òun lè rà á padà, kò sì fẹ́ san tó ìdajì owó tí wọ́n fún un. Ẹ fojú inú wo òwò yẹn. Yóò tún gbé e sórí tábìlì, yóò tún di "ti obìnrin" fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ ka ara ìbọn kẹ́ ẹ tó fi báírò kan fọ́ọ̀mù. Ara ọ̀pá ìbọn tàbí irin òkè tó ń sún sẹ́yìn ni wọ́n ń tẹ kálíbà sí. Ẹ yí ìdí ọta kan sókè, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí ti ara ìbọn àti ti ìdí ọta ò bá bára mu, ẹ kúrò níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń rò pé ohun tó bá ṣáà ti wọlé ló dáa. Rárá o! Ọta náìnì lè wọ inú ìbọn .40, tí kálíbà rẹ̀ ju ti náìnì lọ, kó sì bú nínú ibẹ̀ torí pé ihò náà fẹ̀ jù fún un.

Tí mo ti dárúkọ .40, òun ni ọjà kejì tí wọ́n ń tì sí wa lọ́rùn: ìbọn tí àwọn ọlọ́pàá lò kù. "Ohun tí ọlọ́pàá ń lò nìyí, sà." Òótọ́ ni pé wọ́n lò ó. Lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ FBI kú nínú ìjà ìbọn ní Miami ní 1986 ni FBI bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọta tó lágbára jù, ibẹ̀ sì ni .40 S&W ti wáyé ní 1990. Ohun tí oníṣòwò ò ní sọ ni pé FBI fúnra wọn ti padà sí náìnì, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá sì tẹ̀ lé wọn. Ìdí tó fi pọ̀ lọ́jà lówó pọ́ọ́kú nìyẹn. Ìbọn náà dáa, àmọ́ ó ń ta ọwọ́ ju náìnì lọ, ọta rẹ̀ sì wọ́n ju ti náìnì. Ẹni tí kò yìnbọn rí kò nílò ìyẹn.

Revolver kékeré, ìyẹn ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po, tí wọ́n máa ń nà sí àwọn obìnrin náà ńkọ́? Ìbọn fúyẹ́, ọ̀pá kúkúrú, ó sì ń ta bí nǹkan míì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn ni ó yẹ. Tí ẹ bá sì rà á, ẹ mọ̀ pé ìbọn .357 Magnum ń jẹ ọta .38 Special, ṣùgbọ́n ìbọn .38 kò gbọdọ̀ jẹ .357. Ọta tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láìsí páálí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni ló lè ti fúnra rẹ̀ di ẹ̀tù sí i.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ ra 9×19 tó tóbi níwọ̀n, tí ọwọ́ lè gbá mú dáadáa, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yá irú rẹ̀ yìn ní pápá. Ọ̀pọ̀ pápá ló ń yá èèyàn ní ìbọn fún owó díẹ̀. Láàárín 400 sí 600 dọ́là ni ọ̀pọ̀ tuntun wà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 sì ní kí oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì fi kọ́kọ́rọ́ ààbò kún ìbọn ìléwọ́ tó bá tà. Ẹ béèrè fún un, pàápàá tí ọmọ bá wà nílé.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tún burú jù. Wọ́n á kọ ọ́ pé: "Ìbọn Glock tuntun ní 250 dọ́là, ẹ fi Zelle tàbí Cash App sanwó, a ó gbé e wá sílé yín." Gbájúẹ̀ ni. Ìbọn tí ẹ bá rà láti ìpínlẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ yín, ibẹ̀ lẹ ó ti kọ fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá sanwó, wọ́n á tún béèrè owó "ìnṣọ́ránsì", lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín. Tí wọ́n bá ní àwọn ní láísẹ́ǹsì, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí FFL eZ Check, ìkànnì tí ATF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, fi ń jẹ́ kéèyàn yẹ láísẹ́ǹsì oníṣòwò wò. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù gidi ni àwọn mìíràn ń jí lò, nítorí náà ẹ pe ṣọ́ọ̀bù náà lórí nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín wá rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà ọmọ ilé-ìwé tàbí ti ìbẹ̀wò, oníṣòwò kan lè ní kí ẹ̀gbọ́n yín tó ní green card bá yín fọwọ́ síwèé. Ẹ sá fún un. Òfin 2022 sọ pé ẹni tó bá bá ẹlòmíràn ra ìbọn lọ́nà yẹn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura.

Ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì, kó tọ́jú rìsíìtì. Ẹ lè fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì Attorney General Texas, tó bá sì jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí IC3, ibi tí FBI ti ń gba ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun lọ wo ìbọn kó tó sanwó, kó kàn sí mi. Sátidé ló rọrùn fún mi, kì í ṣe àárọ̀ kùtù o.