The Four Just Men tàbí Secret Army: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Owó Yín Rà?

Bàbá ìyá mi wà lára àwọn ọmọ ogun tó ti Bọ́má bọ̀. Nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ lọ bá wá kí wọn nílé, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn lẹ́nu wọn. Wọ́n á bi ara wọn léèrè ẹni tó kú, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ọmọ ẹni tó ti wọ yunifásítì. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ eré nípa àwọn tó jọ jagun, tí wọ́n sì tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ogun, ti wọ̀ mí lára. Méjì ni àwọn èèyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi jù: The Four Just Men ti ọdún 1959 àti Secret Army ti ọdún 1977. Eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tà lórí DVD ni wọ́n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe méjèèjì, Ogun Àgbáyé Kejì sì ni gbòǹgbò méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọ̀kan tó ń retí èkejì yóò kábàámọ̀ owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀gbọ́n. Nínú The Four Just Men, ọkùnrin mẹ́rin ló jọ jà ní Ítálì nígbà ogun. Ogun parí, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọdún ti gorí ọdún kí ọ̀gá wọn lójú ogun, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bacon, tó kú, owó tó fi sílẹ̀ ló sì tún kó wọn jọ: kí wọ́n máa fi gbèjà ẹni tí wọ́n bá ń rẹ́ jẹ. Ben Manfred, tí Jack Hawkins ṣe, ti di aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Dan Dailey ni Tim Collier, oníròyìn ará Amẹ́ríkà tó fi Paris ṣe ibùjókòó. Jeff Ryder, ìyẹn Richard Conte, ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ní Yunifásítì Columbia ní New York. Ẹni kẹrin ni Ricco Poccari, tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní Róòmù, Vittorio De Sica ló sì ṣe é. Apá 39 ni gbogbo rẹ̀, dúdú àti funfun, apá kan kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sábà wà pa pọ̀. Wọ́n pé jọ ní apá àkọ́kọ́, ó sì dùn ún wò gan-an, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, ẹnì kan ló ń gbé apá kan. Òmíràn lè yọjú díẹ̀, tàbí kí wọ́n pe ara wọn lórí fóònù, ó parí. Bí mẹ́wàá mẹ́wàá ló kan kálukú. Ẹni tó bá ń wá ẹgbẹ́ tó ń jọ jẹun, tó ń jọ sáré, kò ní rí i níbí. Eré mẹ́rin ló rà nínú páálí kan.

Tèmi ni pé èyí tó jẹ́ ti De Sica ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun kan náà ló darí fíìmù Ítálì ti ọdún 1948 nípa bàbá tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ ohun tí ìyà jẹ́. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Kí ẹnu rẹ̀ tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ ti sọ ọ́ tán. Hawkins le bí igi, ó sì yẹ ipò tó wà. Dailey ń dẹ́rìn-ín pani, Honor Blackman, tó ń jẹ́ Nicole, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Paris, ṣáájú kí gbogbo ayé tó mọ obìnrin náà. Judi Dench náà yọjú ní apá kan, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Conte ni kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Hannah Weinstein ló gbé eré náà jáde. Obìnrin yìí fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lé àwọn tí wọ́n bá fura sí pé kọ́múníìsì ni wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó sì ń ṣe eré Robin Hood ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gba àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ti fòfin dè níṣẹ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo léraléra nínú eré yìí, ẹni tó mọ ohun tí ìyà àìṣòdodo jẹ́ ló ń sọ ọ́. Inú ìwé Edgar Wallace ti ọdún 1905 ni orúkọ eré náà ti wá, àmọ́ àwọn ti inú ìwé ń pa èèyàn. Àwọn ti tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe apààyàn. Wallace kan náà ló kọ ìtàn nípa òyìnbó tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí wọ́n sọ di fíìmù ní 1935, tí Orlando Martins, ọmọ Èkó, sì kópa nínú rẹ̀. Ìyẹn ò ṣeé wò fún mi láìbínú. Eré tí à ń sọ yìí kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú.

Secret Army ńkọ́? Gerard Glaister ló dá a sílẹ̀ fún BBC, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Bẹ́ljíọ̀mù. Aláwọ̀ ni, apá kan ń gbà tó ìṣẹ́jú 50, wọ́n sì lé ní 40. Ilé oúnjẹ kan wà ní Brussels, ìlú Bẹ́ljíọ̀mù tó wà lábẹ́ àwọn Jámánì nígbà ogun, Candide lorúkọ rẹ̀. Nísàlẹ̀, ọ̀gágun Jámánì ń jẹun, ó ń mu wáìnì. Lábẹ́ òrùlé kan náà, wọ́n ń ṣètò bí àwọn awakọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n já lulẹ̀ á ṣe sá jáde kúrò ní ìlú. Bernard Hepton ló ṣe Albert Foiret, tó ni ilé oúnjẹ náà. Kì í ṣe ẹni mímọ́: ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn lórí ibùsùn, òun àti Monique ń yan ara wọn lálè, owó àwọn Jámánì sì dùn mọ́ ọn. Ohun tó mú mi fẹ́ràn eré náà nìyẹn. Clifford Rose ló sì ṣe Kessler, ọ̀gá nínú SS, ẹgbẹ́ ológun Hitler, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó ń dẹ́rù bà mí ju igbe lọ.

Inú iṣẹ́ ẹgbẹ́ Comète, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ran àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ láti sá fún Jámánì, ni wọ́n ti yọ eré náà. Ọmọ ọdún 24 ni Andrée de Jongh, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ ogun gba orí òkè Pyrenees kọjá sí Sípéènì ní 1941. Wọ́n mú un ní January 1943, ó la àgọ́ ìjìyà Ravensbrück já, ó sì wá tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Kóńgò àti Ẹtiópíà lẹ́yìn ogun.

Nínú eré yìí, ẹni tí ẹ fẹ́ràn lè kú láìròtẹ́lẹ̀. Torí náà, ẹ má ka ẹ̀yìn páálí. Ẹ sì mọ̀ pé àwòrán inú ilé àti ti ìta kò ní jọra: téépù fídíò ni wọ́n fi ya ti inú ilé, fíìmù ni wọ́n fi ya ti ìta, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní BBC nígbà náà. Dísìkì yín kọ́ ló bàjẹ́. Fíìmù ni wọ́n fi ya gbogbo The Four Just Men, ojú rẹ̀ sì mọ́ jù ú lọ.

Kessler ti 1981, apá 6 péré, ni àbúrò Secret Army. Albert, Monique àti Natalie, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ náà, tún yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí ọ̀tá wọn àtijọ́ ti di olówó ní Jámánì pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò tíì wo Secret Army kò gbọ́dọ̀ rà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ dísìkì fúnra rẹ̀. Network, ilé-iṣẹ́ tó gbé The Four Just Men jáde sórí DVD ní Gẹ̀ẹ́sì, kógbá sílé ní 2023, nítorí náà àlòkù ni ẹ ó máa rí jù. Nọ́ńbà agbègbè wà fún DVD, òun ló ń sọ ibi tí ẹ̀rọ á ti lè ka dísìkì. Dísìkì Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti agbègbè 2. Agbègbè 5 ni Nàìjíríà, Amẹ́ríkà jẹ́ 1. Ẹnì kan tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi sínú ẹ̀rọ mi n'Íbàdàn, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló hàn níbẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń gba gbogbo agbègbè. Bí ẹ bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka dísìkì nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn yí agbègbè padà ju ìgbà 5 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ wò ó pé ẹ̀rọ yín ń gba PAL, ìyẹn ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò.

Ẹ ka iye dísìkì kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gílóòbù, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Ojú tó họ láti àárín lọ sí etí kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Èyí tó họ yí po bí òrùka ni kí ẹ sá fún, nítorí ó ń tẹ̀ lé ipa ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń kà. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún, láti àárín síta ni.

Bí owó ọ̀kan péré bá wà lọ́wọ́ yín, Secret Army ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wò ó láti apá àkọ́kọ́ ní tẹ̀léra. Bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà wà nílé yín tó máa ń tòògbé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, The Four Just Men ló bá a mu. Èmi ra tiwa fún màmá mi. Orí ti De Sica ni wọ́n ń ní kí n máa fi sí.