Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rí ìbọn l'Ádó-Èkìtì: ó wúlò, àmọ́ ó kù síbì kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìròyìn ìpànìyàn, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan yìí. Bí wọ́n ṣe tú ọ̀rọ̀ "ọta" palẹ̀ nìkan tó owó ẹ̀. Òjé, ìyẹn orí ọta tó ń fò jáde, ló ń wọ ara òkú; èèpo, ìyẹn ike irin tó kó ẹ̀tù sínú, ló ń bọ́ sílẹ̀. Tí ìròyìn bá wá ní "wọ́n rí ọta mẹ́ta", èwo nínú méjèèjì? Ẹjọ́ lè dàrú síbẹ̀.

Wọ́n gbé èèpo ọta 9 mm (ìwọ̀n ìbú òjé rẹ̀) sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá: ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún ìdí rẹ̀ hàn kedere, ó jìn díẹ̀, etí kan sì fẹ́ ju ìkejì lọ. Àmì yẹn ló ń tọ́ka sí ìbọn tó yìn ín. Rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, kì í tu èèpo dànù fúnra rẹ̀, nítorí náà àìrí èèpo kò ní kẹ́ ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni kò yìnbọn.

Àbùkù ẹ̀ rèé: wọ́n sáré kọjá lórí ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa gan-an. Inú ìbọn ọdẹ ń dán bọ̀rọ́, kì í fàlà sára òjé bí ìbọn tí inú rẹ̀ ní ìlà ṣe ń ṣe. Ìdí katiríìjì, ìyẹn èèpo ọta ìbọn ọdẹ, ni ká wò. Ṣakabùlà ò tilẹ̀ ní èèpo rárá. Àmọ́ àpò ìwé ni wọ́n fi kó ẹ̀rí, kì í ṣe ọ̀rá, kó má baà dípẹtà. Èyí dáa púpọ̀.